Kí Ẹ Tó Ra Páwà-Báìkì Tòkunbọ̀ Àkọ́kọ́

Kíláàsì A ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó wà fún alùpùpù ní Nàìjíríà. Èyí tí ẹni tó ń gun Bajaj Boxer oní-100cc gbà, òun náà ni ẹni tó fẹ́ gun Yamaha R1 oní-998cc máa gbà. Bẹ́ẹ̀, agbára ẹṣin bíi 8 péré ni Boxer yẹn ní. R6, tó jẹ́ àbúrò R1, ní ju 110 lọ. Ẹni tí kò gun páwà-báìkì rí, àmọ́ tó ti rí ọ̀kan tó wù ú lọ́dọ̀ àwọn oní-tòkunbọ̀, ni a kọ ìwé pélébé yìí fún. Níbi tí ìwé àṣẹ kò ti pààlà, olùrà ló máa pààlà fún ara rẹ̀.

Èwo ló tọ́ sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́?

Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 2013, ọmọ ọdún 19 tó bá yege ìdánwò kò gbọdọ̀ gun alùpùpù tí agbára ẹṣin rẹ̀ ju 47 lọ. Ó di ìgbà tó bá lo ọdún 2 pẹ̀lú ìwé àṣẹ yẹn, tàbí tó bá pé ọmọ ọdún 24, kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò èyí tí kò ní ààlà. Ẹ jẹ́ ká yá ààlà yẹn lò. Kawasaki Ninja 250, 300 àti 400 kò kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Yamaha R3 àti Honda CBR300R. Honda CBR500R wà lójú ààlà gan-an. Gbogbo wọn ló lẹ́wà, gbogbo wọn ló yára ju bí ojú ọ̀nà wa ṣe gbà lọ.

Owó ni pàkúté tó wà níbẹ̀. R6 tàbí Suzuki GSX-R600 tó ti lo ọdún 15 lókè òkun lè má wọ́n ju Ninja 400 tí kò tíì pẹ́ lọ. Ẹni tó ń tà á á rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá mi, owó kan náà ni o, kí lẹ fẹ́ fi ti ọmọdé ṣe?” Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ́ńjìnnì 600 tí wọ́n ṣe fún eré ìdíje máa ń tutù lójú nígbà tó bá ń lọ jẹ́jẹ́, àfi ìgbà tó bá ké kọjá ìyí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá já lọ bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́ṣẹ́. Ihò kan lójú títì tó bá mi ọwọ́ yín lórí ìmú iná ti tó láti jí i.

Àwọn tó ti gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́wàá ló máa ń bá wa jiyàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. A kò sọ pé wọn kò mọṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá tí Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981, lẹ́yìn tí wọ́n lọ wo nǹkan bí 900 ìjàǹbá níbi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ju ìdajì àwọn tó ní ìjàǹbá ni kò tíì lo oṣù 5 lórí alùpùpù tí wọ́n fi ṣubú. Wọ́n sì ti ń gun alùpùpù fún nǹkan bí ọdún 3 ní ìpíndọ́gba. Ẹ rí i pé ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọn kò tíì mọ̀.

Kí ẹ tó béèrè iye, ẹ jókòó lé e. Ẹsẹ̀ méjèèjì ní láti tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá, ẹ fà á sẹ́yìn. Ninja 400 kò pé 170 kílò, síbẹ̀ ó máa mú kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀ làágùn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ sì ti sọ fún olùtà láti àná pé kó má tan án. Ẹ rora fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, ẹnì kan ti jí i kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́: èéfín àkọ́jí, ariwo ṣéènì inú, bátìrì tí kò lágbára. Ẹ jókòó jẹun níbòmíràn, ẹ padà wá nígbà tó bá tutù. Tí olùtà bá kọ̀, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé ìjàǹbá ló gbé wọn wá: wọ́n ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti sanwó wọn, wọ́n wá tún wọn kùn. Ọ̀dà máa ń purọ́, irin kì í purọ́. Ẹ wo orí háńdù méjèèjì, ṣónṣó irin bíréèkì àti ti kúlọ́ọ̀ṣì, àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Bí ike ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dán tí ti èkejì sì ti ṣá, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Lábẹ́ ọrùn háńdù, irin kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kó yí kọjá ibi tó yẹ. Tó bá ti wọnú tàbí tó kán, ọkọ̀ yẹn ti fi orí gbá nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n gbé táyà iwájú sókè, kí ẹ yí háńdù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń kọ́ láàárín, bọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀ ti jẹ.

Ẹ fi ìka nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú. Kò yẹ kí ọ́ìlì wà níbẹ̀. Ẹ fa ṣéènì láti ẹ̀yìn jíà ńlá tó wà lára táyà. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ tó fi hàn ju ìdajì eyín lọ, tàbí tí eyín wọ̀nyẹn ti tẹ̀ bí ìkọ́, owó ìpààrọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tó bá dà bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti bá a pọ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Táyà ń fẹ́ sùúrù. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù tí lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ó lè ní ìlà ojú tó jinlẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti le bí páálí, pàápàá tí wọ́n bá ti fi ìpara dúdú pa á kó máa dán. Èyí tó bá ti pẹ́, ẹ yọ owó táyà méjì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Nọ́ḿbà àti ìwé

Nọ́ḿbà ẹ̀yà 17 ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára ọrùn férémù. Kó bá èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Lórí èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: A ni 2010, F ni 2015, J ni 2018. Bó bá hàn pé wọ́n ti fá irin náà, ẹ má rà á ní iyekíye. Ọlọ́pàá kò ní béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí tiyín ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ẹ má fi sílẹ̀ sórúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ fi owó àṣíborí sílẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Tuntun ni o. Fóòmù inú rẹ̀ lè ti fọ́ nínú ìṣubú kan, kí òde rẹ̀ sì máa rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo kókósẹ̀ tẹ̀ lé e. Ooru ni wọ́n máa ń fi ṣe àwíjàre tí wọn kò fi ń wọ jákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá wà lọ́jà.

Ẹ má gùn ún lọ sílé lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí mẹkáníìkì pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti bíréèkì, kó fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó tọ́, kó tún wo gbogbo nọ́ọ̀tì. Ìbẹ̀rẹ̀ yín, ẹ wá pápá tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ máa kọ́ bíréèkì iwájú, kí ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ ibi tó ti ń di táyà mú.