Erédò Sùngbọ́: Odi Tí Wọ́n Ní Opó Kan Mọ

Àwa tí à ń gbé ní etí òkun Àgbádárìgì fẹ́ràn láti máa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845 han àlejò gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Èkó kọjá sí apá ìlà-oòrùn, tí ẹ dé agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹ ó bá ohun tí ó fi ohun tí ó lé ní 400 ọdún ju ilé náà lọ. Odi àti yàrà Sùngbọ́ ni, tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pè ní Erédò. Ìlú kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ náà.

Bí ẹ bá ti ka ìtàn ilé olódi àwọn ọba òyìnbó, tí omi yí ká, ẹ má ṣe retí òkúta níhìn-ín. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n wa yàrà jìn sínú ilẹ̀ pupa tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dúró ṣánṣán bí ògiri, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí apá inú kí ó di odi. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ibòmíràn ga tó mítà 20, gẹ́gẹ́ bí ilé alájà mẹ́fà. Gígùn gbogbo rẹ̀ lé ní kìlómítà 160, ó sì yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, fún ààlà àti fún ààbò. Lónìí, igbó ti bò ó.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Sùngbọ́, ni ó ní kí wọ́n mọ ọ́n, kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Sàréè tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú Òde. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni Ayaba Ṣébà, nítorí Bílíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ayaba náà. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀: ìgbà Sólómọ́nì ni ayaba yẹn, àwọn onímọ̀ tí wọ́n sì walẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí fi mímọ odi náà sí àárín 1370 àti 1420.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a fi èyí pa ìtàn opó náà tì. Ìyàwó tí kò tètè lóyún mọ irú ọ̀rọ̀ tí í máa gbọ́ ní ìdílé ọkọ. Àwọn baba ńlá wa wo iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ ní ilẹ̀ wọn, wọn kò sì kà á sí ọba tàbí jagunjagun lọ́rùn. Obìnrin tí kò bímọ ni wọ́n fi í fún. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n ní nítorí àìrọ́mọbí ni ó fi ṣe é, bí ẹni pé obìnrin kò lè ní ìdí mìíràn tí yóò fi mọ odi.

Nítorí iṣẹ́ mi, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: kí ni àwọn tí ó wa yàrà yìí ń jẹ? Kì í ṣe gàrí, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú! Ẹ̀gẹ́ kò tíì dé láti Amẹ́ríkà nígbà náà, àgbàdo àti tòmátì kò tíì dé, àní ata rodo pàápàá. Iṣu, ẹ̀wà, ilá, epo pupa, iyèré àti ataare ni ilẹ̀ wa ní. Ẹnìkan ní láti pọn omi, kí ó ṣẹ́ igi, kí ó se iṣu, kí ó sì gbé e dé ẹnu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìtàn kò dárúkọ wọn. Bí ẹnìkan bá sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni odi yìí, ìkòkò àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rò.

Ní 1892 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n. Ìgbà odi ti kọjá. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa Erédò ní 1959, ṣùgbọ́n ìgbà tí Patrick Darling ti Yunifásítì Bournemouth wọ̀n ọ́n láàárín àwọn ọdún 1990 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Láti 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Orúkọ inú ìwé kò dá katakata dúró: ọ̀nà mọ́tò ti gé odi náà kọjá, oko àti ilé sì ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nítorí ilẹ̀ pupa náà máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ wọ̀ wọ́n ní bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì bẹ ará abúlé kan kí ó ṣíwájú yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀ yàrà, kí ó gbójú sókè wo odi, kí ẹ tó sọ ìtàn opó náà fún un.