Bí A Ti Í Fi Bàbà Bo Èèkàn Gìtá Nínú Ilé

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Adó-Èkìtì, ìpáàrà kì í jẹ́ kí àwọn irin ara gìtá wa dán. Ní 1805 ni Brugnatelli, ará Ítálì, fi agbára bátìrì bo fàdákà ní wúrà. Ní 1840, àwọn Elkington ti Birmingham gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí a fi sáyánáìdì ṣe. Májèlé tí í pa ènìyàn ni èyí. Kò gbọdọ̀ wọ ilé wa.

Ọ̀nà tí ó rọrùn nìyí. A ó tú èèkàn onídẹ kúrò lára gìtá, a ó fọ̀ ọ́ títí ọ̀rá yóò fi tán lára rẹ̀. A ó bu fínígà sínú ife gíláàsì, a ó fi iyọ̀ ṣínún sí i. A ó so bàbà mọ́ ẹnu bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí ó ní àmì àròpọ̀, a ó sì so èèkàn mọ́ ẹnu kejì. Kí àwọn méjèèjì má ṣe fara kanra nínú omi náà. Díẹ̀díẹ̀ ni bàbà yóò yọ́, tí yóò sì lọ lẹ̀ mọ́ èèkàn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kí a ṣí fèrèsé, kí a má sì gbé iná súnmọ́ ọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde níbẹ̀ a máa gbiná. Kí a má fi irin tí kì í dípáàrà rọ́pò bàbà, nítorí májèlé lè ti inú rẹ̀ jáde. Ife náà kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná. Omi aláwọ̀ aró tí ó bá ṣẹ́kù, kí a dé e sínú ìgò, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Kí a má dà á sí odò Ureje, nítorí bàbà inú omi a máa pa ẹja.

Ó dára kí gìtá dán. Ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara onígìtá le.