Orin Kérésìmesì lórí dùùrù onífèrè

Orin Kérésìmesì lórí dùùrù onífèrè jẹ́ ẹ̀ka orin ìjọsìn Kristẹni tí a ń fi dùùrù ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ́gáànù, gbé jáde ní àsìkò ọdún ìbí Jésù. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí: orin tí dùùrù ń dá ṣe láìsí ẹni tí ń kọrin, àti èyí tí ó fi ń gbe ẹgbẹ́ akọrin àti ìjọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan pàtàkì lára ibi tí orin yìí ti fìdí múlẹ̀ ni Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Marina, ìlú Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn olórin Yorùbá kan ti kọ́ iṣẹ́ dùùrù, tí wọ́n sì wá ojútùú sí ìṣòro tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní: bí ohùn orin yóò ṣe bá ohùn ọ̀rọ̀ mu.

Bí dùùrù náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí dùùrù onífèrè. Láyé àtijọ́, ènìyàn ni ó máa ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ fín ẹwìrì tí ó ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Lóde òní, mọ́tò oníná ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ yìí a kó jọ sínú àpótí igi tí àwọn fèrè dúró lé lórí. Bí atẹdùùrù bá tẹ kíì kan, ihò a ṣí lábẹ́ fèrè, afẹ́fẹ́ a gba inú rẹ̀ kọjá, fèrè a sì dún. Ìró kan ṣoṣo ni fèrè kọ̀ọ̀kan ní, ìdí nìyí tí dùùrù kàtídírà fi lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrè. Bí fèrè bá ṣe gùn tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ tó: fèrè tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni atẹdùùrù fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn kíì títóbi wà nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ó tún ń fa àwọn ọ̀pá kéékèèké láti yan irú fèrè tí yóò dún. Fún orin tí ó dà bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ, yóò yan fèrè tí ohùn rẹ̀ tutù. Fún orin ayọ̀ òwúrọ̀ Kérésìmesì, yóò yan èyí tí ó ń dún bíi kàkàkí.

Àsìkò ọdún náà ní ewu tirẹ̀ fún dùùrù ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, igi a máa sún kì, awọ inú dùùrù a máa gan, afẹ́fẹ́ a sì máa jò. Ìró fèrè pẹ̀lú a máa ga díẹ̀ bí ooru bá pọ̀, a sì máa lọ sílẹ̀ bí òtútù bá mú.

Àwọn orin àti ìsìn

Ọ̀pọ̀ nínú orin tí àwọn atẹdùùrù ń lò ní àsìkò yìí ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, kọ orin dùùrù sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìjọ tí ó jẹ mọ́ ìbí Jésù. Louis-Claude Daquin, ará Faransé, tẹ ìwé orin Kérésìmesì 12 jáde ní 1757. Ní 1935, Olivier Messiaen, ará Faransé bákan náà, kọ La Nativité du Seigneur, tí ó ní apá mẹ́sàn-án.

Ìsìn tí ó ní Bíbélì kíkà mẹ́sàn-án àti orin bẹ̀rẹ̀ ní Truro, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1880. Ilé-ẹ̀kọ́ King's College ní Cambridge gbà á ní 1918, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà láyé. Nínú irú ìsìn bẹ́ẹ̀, dùùrù ni ó ń dún kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń fún akọrin ní ohùn, òun náà ni ó sì ń sin ìjọ jáde.

Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ lè yí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú orin Kérésìmesì ni "bí", tí a ń pè ní ohùn òkè, bí a bá sọ pé a bí ọmọ. Bí a bá pè é ní ohùn àárín, "bi" ni, bíi kí a bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá sì pè é ní ohùn ìsàlẹ̀, "bì" ni, bí ẹni tí inú ń rú tí ó bì. Nígbà tí a túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí a sì fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ́, ohùn orin lè lọ sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó gòkè. Ẹni tí ó mọ orin náà tẹ́lẹ̀ lè lóye rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè ṣì í gbọ́.

Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì (1855–1930) wà lára àwọn tí ó kọ orin ìjọ ní Yorùbá lọ́nà tí ohùn méjèèjì fi bára mu. A gba díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips (1884–1969) gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953.

Àwọn olórin dùùrù

Lẹ́yìn tí Phillips kẹ́kọ̀ọ́ orin ní London, ó di atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní kàtídírà Marina ní 1914, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1962. Ọmọ rẹ̀, Charles Olúwọlé Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Phillips àgbà kọ orin dùùrù tí ó gbé ka orí orin ìbílẹ̀, lára wọn ni Passacaglia on an African Folk Song.

Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Phillips ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn Kingsway ní London, ó sì kọ àwọn orin dùùrù bíi Ọ̀yígíyigì, Ọbańgíjì àti Yoruba Lament. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976), tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, kọ orin dùùrù onífèrè pẹ̀lú. Ó tún kọ sònátà kan fún piano tí ó sọ ní Kérésìmesì.

Ìyàtọ̀ sí ìlù dùndún

Nínú irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu dùùrù, síbẹ̀ ohùn orin tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lè rán ẹni tí ó gbọ́ èdè létí ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ìlù dùndún ti ń ṣe. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Onídùndún lè fún ọsán ìlù kí ohùn rẹ̀ yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fèrè dùùrù kò lè kúrò lórí ìró rẹ̀. Níbi tí ohùn èdè bá ti ń yọ́, bíi "yìí" tí ó ti ìsàlẹ̀ gòkè, ìró méjì tí ó tẹ̀ léra ni olórin ní láti lò. Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ orin Kérésìmesì Yorùbá fún dùùrù onífèrè ní láti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà.