Ṣé O Mọ̀? Sééfù Àtijọ́ Létí Ọ̀sà

Nínú àdéhùn tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, bá Benjamin Campbell, kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1854, wọ́n ṣèlérí 2,000 orí owó ẹyọ fún Kòsọ́kọ́ lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000. Ẹgbàá ẹyọ ló wà nínú orí owó kan. Mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ nìyẹn! Sééfù kékeré kò lè gbà á.

Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe sééfù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà gbọ́n gan-an. Milner ti Liverpool ń rọ álọ́ọ̀mù, irú èyí tí a fi ń mú omi tòrò, sáàárín ògiri irin. Bí iná bá ràn án, álọ́ọ̀mù á tú omi jáde, ìwé inú rẹ̀ kò ní jó. Àgádágodo Chubb ti 1818 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí olè bá fi irin tọ́ ọ, á há. Kọ́kọ́rọ́ gidi pàápàá kò ní ṣí i, àfi kí olóhun kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ àkànṣe mìíràn tún un tò. Báyìí ló ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ti wá síbẹ̀.

Ìwọ tó ń tún irú sééfù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà ni ọ̀tá rẹ. Má da epo pupa sínú àgádágodo rẹ̀, eruku ni yóò kó. Kí o tó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ dán kọ́kọ́rọ́ náà wò léraléra nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.