Ohun Tó Ń Mì Kí Àwòrán Má Baà Mì

Ẹ gbé lẹ́ǹsì Tamron tó ní lẹ́tà VC lára sórí kámẹ́rà, kí ẹ rọra tẹ bọ́tìnnì ìyàwòrán dé ìdajì, kí ẹ sì fi etí sí i nínú yàrá tó pa rọ́rọ́. Ẹ ó gbọ́ ìró kan wínníwínní, bíi ti kòkòrò tó há sínú páálí ìṣáná. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Gíláàsì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú lẹ́ǹsì náà. Títí ẹ ó fi gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, yóò máa yẹ̀ sókè, yóò máa yẹ̀ sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, láìsinmi. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà tí à ń fi ojú wo ihò rẹ̀ ni, ẹ ó rí i pé àwòrán tó ń gbọ̀n lójú yín fò fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Tamron kì í ta kámẹ́rà ìyàwòrán báyìí. Sigma, tí ń kọ OS sára tirẹ̀, ń ṣe kámẹ́rà díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwọn méjèèjì ń ṣe lẹ́ǹsì tó ń wọ kámẹ́rà Canon, Nikon àti Sony, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tó ń dènà ìgbọ̀n sínú rẹ̀. Báwo ni àlejò ṣe wá mọ ibi tí onílé ń gbé ìkòkò sí? Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ẹ jẹ́ kí n pe lẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ṣe fúnra rẹ̀ ní lẹ́ǹsì onílé, kí n pe ti àwọn yòókù ní lẹ́ǹsì àlejò.

Ọwọ́ èèyàn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tí ń dúró. Bí èémí bá wọlé, èjìká gbéra. Bí ọkàn bá lù, ìka á mọ̀ ọ́n. Iṣan apá tó gbé kámẹ́rà tó wúwo fún wákàtí mẹ́ta á sì máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ìgbọ̀n tó ń ba àwòrán jẹ́ jù lọ ni èyí tí ń yí imú lẹ́ǹsì kúrò níbi tó kọjú sí. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé imú lẹ́ǹsì yí ní 0.3 dígírì péré nígbà tí kámẹ́rà ń gba ìmọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì 50mm, àwòrán tó bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, yóò sún ní nǹkan bíi 0.26mm. Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì 600mm tí wọ́n fi ń ya ẹyẹ, yóò sún ju 3mm lọ, lórí sẹ́ńsọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 36mm. Ìgbọ̀n kan náà ni. Gígùn lẹ́ǹsì ló sọ ọ́ di ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 3mm yẹn sọ́kàn, a óò padà bá a.

Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ní òfin kan: ìwọ̀n gígùn lẹ́ǹsì ni kí o fi pín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó gbé 50mm kò gbọdọ̀ lọ́ra ju 1/50 lọ, ẹni tó gbé 200mm kò gbọdọ̀ lọ́ra ju 1/200 lọ. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, òfin náà rọrùn. Ẹ gbé e wọ gbọ̀ngàn ìnáwó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, níbi tí iná elésè àlùkò nìkan ti ń tàn lórí tábìlì ìyàwó, ẹ ó rí wàhálà. Ní 1/200, òkùnkùn ni kámẹ́rà yóò mú bọ̀, àfi tí ẹ bá gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára, sókè títí ara àwòrán yóò fi máa rí bí iyanrìn.

Wàyí o, ohun tó wà nínú lẹ́ǹsì náà. Lákọ̀ọ́kọ́, sẹ́ńsọ̀ kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní jáíró. Ọ̀kan ń ṣọ́ bí imú lẹ́ǹsì ṣe ń dojú kọ òkè tàbí ilẹ̀. Èkejì ń ṣọ́ ọ̀tún àti òsì. Nínú jáíró kọ̀ọ̀kan, ohun tín-ín-rín kan wà tí iná mànàmáná kò jẹ́ kó sinmi, tó ń gbọ̀n ṣáá. Bí lẹ́ǹsì bá yí, ìgbọ̀n ohun náà yà kúrò ní ọ̀nà rẹ̀, bí yíyà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni jáíró fi ń mọ bí lẹ́ǹsì ṣe yára yí tó. Ó ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú lẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà náà á ṣírò ìwọ̀n tó yẹ kí gíláàsì yẹ̀ àti ìhà ibi tó yẹ kó yẹ̀ sí, á sì rán iná lọ sínú wáyà tí wọ́n ká róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin òòfà. Iná tó wọ wáyà ló ń bá òòfà fà á, òun ló ń gbé gíláàsì. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn tún wà tí ń sọ ibi tí gíláàsì dé gan-an, kí kọ̀ǹpútà má baà tì í kọjá ààyè. Nínú VC ti Tamron, wáyà kíká mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni gíláàsì sì ń yí lé lórí, tí kò fi sí ìdènà tó pọ̀ lọ́nà rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí ọmọbìnrin tó ru garawa omi tó kún dẹ́nu, tí kò fọwọ́ kàn án, tó sì ń rìn lórí ilẹ̀ págunpàgun, ti rí iṣẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ ń tẹ kòtò, ìbàdí ń yí, omi kò dà. Ẹni tí kò wò ó dáadáa á rò pé ọrùn ọmọ náà le gbagidi ni. Ọrùn yẹn kò dúró rárá. Mímì tí ọrùn ń mì, ní òdìkejì ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe, ni kò jẹ́ kí omi dà. Gíláàsì tó ń ró wínníwínní ni ọrùn. Àwòrán ni omi.

Ẹ tún ìtò iṣẹ́ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé kò síbi tí lẹ́ǹsì ti bi kámẹ́rà léèrè ohun tó ń rí. Jáíró wà nínú lẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà wà nínú lẹ́ǹsì, gíláàsì wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì sì mọ gígùn ara rẹ̀. Ohun méjì péré ló ń gbà lọ́wọ́ kámẹ́rà: iná bátìrì, àti ìròyìn pé ìka ti tẹ bọ́tìnnì. Ìdáhùn sí ìbéèrè nípa àlejò àti ìkòkò nìyẹn. Àlejò gbé ìkòkò tirẹ̀ wá, iná nìkan ló yá.

Àwọn onílé ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nikon fi irú ẹ̀rọ yìí sínú kámẹ́rà kékeré kan ní 1994, Canon sì gbé lẹ́ǹsì 75-300mm IS jáde ní 1995, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú lẹ́ǹsì tí à ń yọ tí à ń fi. Sigma tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú 80-400mm OS, Tamron sì dé ní 2007 pẹ̀lú 28-300mm VC. IS, VR, OS, VC, OSS: olúkúlùkù ló sọ tirẹ̀ lórúkọ, iṣẹ́ kan náà ni.

Lẹ́ǹsì kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo wọn lọ nínú ìtàn yìí. Ní 2012, Canon tún lẹ́ǹsì 24-70mm f/2.8 rẹ̀ ṣe. Irú lẹ́ǹsì yìí ni akọni ayàwòrán ayẹyẹ: ó fẹ̀ tó láti gba ẹbí ìyàwó lódindi, ó sì gùn tó láti mú omijé ìyá nìkan. Èyí tuntun náà mọ́ bí omi àpáta, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ń dènà ìgbọ̀n. Ti Nikon náà kò ní in nígbà yẹn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Tamron gbé 24-70mm f/2.8 VC tirẹ̀ jáde, ó wọ kámẹ́rà àwọn méjèèjì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti onílé dáadáa. Ó di 2015 kí Nikon tó fi VR sí tirẹ̀. Nínú 2015 yẹn, Tamron ti tún kúrò níbẹ̀: ó gbé 35mm àti 45mm f/1.8 jáde, méjèèjì pẹ̀lú VC. Mo kan sáárá sí wọn. Àlejò rí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn nílò ìrànlọ́wọ́ lórí lẹ́ǹsì kúkúrú náà, kì í ṣe lórí èyí tó gùn bí ìbọn nìkan.

Stọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń ka agbára ẹ̀rọ yìí. Stọ́ọ̀pù kan túmọ̀ sí pé ẹ lè lọ́ra ní ìlọ́po méjì: láti 1/60 sí 1/30, sí 1/15, sí 1/8, sí 1/4. Stọ́ọ̀pù mẹ́rin nìyẹn. CIPA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ní Japan, gbé ìlànà ìdánwò kan kalẹ̀ ní 2012 kí iye tí wọ́n ń kọ sára páálí lè jẹ́ ohun tí a lè fi wéra. Lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yẹn o, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ti ń dúró láti àárọ̀ láìjẹun. Èmi a máa yọ stọ́ọ̀pù kan kúrò nínú ohun tí páálí bá sọ.

Ibi kan wà tí ẹ̀rọ yìí kò lè dé. Ó ń tún ìgbọ̀n ọwọ́ yín ṣe; kò mọ nǹkan kan nípa ẹni tí ẹ ń yà. Ẹ ya ìyàwó tó ń jó ní 1/8, ẹ ó rí òdòdó orí tábìlì kedere, ẹ ó rí aṣọ òkè tí wọ́n ta sára ògiri títí dé òwú rẹ̀, ìyàwó á sì dà bí èéfín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bú lẹ́ǹsì nítorí èyí, tí ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn rẹ̀.

Wàhálà tó wà lára lẹ́ǹsì àlejò gan-an, ọ̀rọ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe gíláàsì. Lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀ láti ara irin wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu wọn, èdè yẹn sì jẹ́ àṣírí onílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ńṣe ni àwọn àlejò ń fetí kọ́ èdè náà: wọ́n á wo ohun tí kámẹ́rà sọ, wọ́n á wo ohun tí lẹ́ǹsì onílé fi dá a lóhùn, wọ́n á wá kọ́ tiwọn láti dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fetí kọ́ èdè lè sọ ọ́ já gaara títí ọjọ́ tí onílé yóò mú ọ̀rọ̀ tuntun wọ̀ ọ́. Kámẹ́rà tuntun a jáde, lẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lánàá a bẹ̀rẹ̀ sí ṣìwà hù. Nítorí èyí ni Sigma ṣe USB Dock, tí Tamron sì ṣe TAP-in Console: ohun pẹlẹbẹ tí ẹ ó fi lẹ́ǹsì lé, tí ẹ ó so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí lẹ́ǹsì lè lọ kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun.

Sony ṣílẹ̀kùn gbangba. Ní 2011 ó kéde pé òun yóò fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní àlàyé ẹnu lẹ́ǹsì E-mount lọ́fẹ̀ẹ́. Canon, tó gbé ẹnu RF jáde ní 2018, pẹ́ títí di 2024 kí Sigma àti Tamron tó kéde lẹ́ǹsì RF tó ní àṣẹ rẹ̀, fún kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ kékeré.

Èdè yìí ti wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé onílé náà ti ní ọrùn tirẹ̀ báyìí. Láti ìgbà tí Sony ti gbé A7 II jáde ní 2014, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń mi sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ láti pa ìgbọ̀n. Bí èèyàn méjì bá jọ gbé pákó kan, tí wọ́n jọ rí i pé ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí àwọn méjèèjì sì jọ tì í sósì láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, pákó á ṣubú sósì. Ó di dandan kí wọ́n pín iṣẹ́. Ìpín tó wọ́pọ̀ lórí kámẹ́rà Sony ni pé lẹ́ǹsì á mójú tó òkè-ilẹ̀ àti ọ̀tún-òsì imú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á mójú tó ìyókù, pàápàá yíyí bíi ti àgbá, èyí tí gíláàsì inú lẹ́ǹsì kò lè ṣàtúnṣe rẹ̀ láéláé.

Bí kámẹ́rà bá lè ṣe é, kí ni lẹ́ǹsì tún ń ṣe é fún? Tamron náà rò ó bẹ́ẹ̀. 28-75mm f/2.8 tó ṣe fún Sony ní 2018 kò ní VC, 70-180mm f/2.8 ti 2020 kò ní. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì kéré, àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tamron tún 70-180mm ṣe ní 2023, ó dá VC padà sínú rẹ̀. Ẹ rántí 3mm. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn sí i ni àwòrán ń sún jìnnà sí i, ààyè tí sẹ́ńsọ̀ sì lè sún dé nínú kámẹ́rà kò pọ̀. Gíláàsì inú lẹ́ǹsì, ní tirẹ̀, wà níbi tí ìyẹ̀ díẹ̀ ti ń gbé àwòrán lọ púpọ̀. Lórí lẹ́ǹsì kúkúrú, mo lè gbọ́kàn lé kámẹ́rà. Lórí èyí tó bá kọjá 100mm, mo fẹ́ kí lẹ́ǹsì ní tirẹ̀, èmi á sì san owó lé e.

Ẹni tó bá ń ra lẹ́ǹsì àlejò ní tòkunbọ̀, ẹ má ṣe torí pé nǹkan ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ nínú rẹ̀ kí ẹ sá. Lára ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì, gíláàsì yẹn a máa mì bẹ́ẹ̀ tí iná kò bá sí níbẹ̀. Ẹ fi í sórí kámẹ́rà, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Ìkánjú níbí ló ń fa ọ̀pọ̀ àwòrán tí kò mọ́. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà lé tráípọ́ọ̀dù, ẹ pa VC tàbí OS, nítorí pé jáíró tí kò rí ìgbọ̀n lè bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ariwo ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun tí a kọ sára ògiri, ẹ ya á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní 1/15 pẹ̀lú bọ́tìnnì VC tàbí OS ní títàn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní pípa. Ẹ gbé wọn tóbi lójú kámẹ́rà kí ẹ ka iye lẹ́tà tó ṣeé kà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó na owó sí i.