Bàálù Jẹ́ẹ̀tì Àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà: Abẹ̀bẹ̀ Onígi Ni Wọ́n Fi Tan Aráyé

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1942, ọkọ̀ ojú irin kan kúrò ní ìlú Buffalo lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó ń lọ sí aṣálẹ̀ Muroc ní ìpínlẹ̀ California. Àwọn sọ́jà ló ń ṣọ́ ẹrù inú rẹ̀. Bàálù ogun kan ni wọ́n tú palẹ̀ sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n tò ó tán ní Muroc, wọ́n so abẹ̀bẹ̀ onígi mọ́ ọn nímú. Abẹ̀bẹ̀ náà kò lè gbé ohunkóhun. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra, wọ́n á yọ ọ́. Bó bá balẹ̀, wọ́n á tún so ó padà.

Ẹ̀yin ará wa lè máa béèrè ohun tó fa irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ló ń lọ lọ́wọ́. Abẹ̀bẹ̀ ni gbogbo bàálù táwọn ènìyàn mọ̀ nígbà náà fi ń fa ara wọn lọ, èyí kò sì ní ọ̀kankan. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì méjì ló ní. Jẹ́ẹ̀tì a máa fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, á fún un pọ̀ gidigidi, á da epo sí i, á sì tanná ràn án. Afẹ́fẹ́ gbígbóná náà á wá tú jáde lẹ́yìn pẹ̀lú agbára, á sì ti bàálù síwájú. Ẹni tó bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ kún rọ́bà táwọn ọmọdé fi ń ṣeré rí, tó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó so ó lẹ́nu, ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà ló mú un wá sáyé o. Àwọn Jámánì ti fò tiwọn lóṣù Kẹjọ ọdún 1939. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frank Whittle, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, bàálù tó lò ó sì fò lóṣù Karùn-ún ọdún 1941. Ọ̀gágun Arnold, olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, ti lọ wò ó lóṣù Kẹrin. Ó rí i pé wọ́n ti fi ilẹ̀ òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ẹ́ńjìnnì kan àti àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ General Electric gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, Bell ti Buffalo gba iṣẹ́ bàálù. Orúkọ tí wọ́n fún un, P-59, orúkọ bàálù alábẹ̀bẹ̀ kan tí Bell ti ń yàwòrán rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kí ẹni tó bá rí i nínú ìwé má baà fura.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1942 ni Robert Stanley gbé e fò, nǹkan bí ọdún kan péré lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Jack Woolams, awakọ̀ òfurufú míì ní Bell, a máa fi ìbòjú ìnàkí bojú, á dé fìlà dúdú lé e, bó bá ń wà á. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tó bá pàdé rẹ̀ lókè á rí ìnàkí nínú bàálù tí kò ní abẹ̀bẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún tí yóò gbà wọ́n gbọ́?

Àmọ́ àṣírí yìí kan náà ló ṣe bàálù náà léṣe. Àwọn ilé ìdánwò wà tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn líle lu àwòkọ bàálù kékeré, láti mọ bí yóò ṣe ṣe lókè. Wọn kò jẹ́ kí Bell lo èyí tó dáa jù nínú wọn, kí ọ̀rọ̀ má baà jáde. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí wọ́n rí nílẹ̀, òkè ni wọ́n ti rí i. Imú bàálù náà ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ejò, kò sì rọrùn láti fi ìbọn rẹ̀ wo ojú kan. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 660 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, nígbà tí Mustang alábẹ̀bẹ̀ ń sá 700. Lójú tiwa, wọ́n ṣọ́ àṣírí náà ju bó ṣe yẹ lọ: àwọn Jámánì tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀.

Mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) ni wọ́n ṣe, kò sí èyí tó jagun nínú wọn. Wọ́n fi kọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tí yóò gba P-80 ti Lockheed, tó fò lóṣù Kìíní ọdún 1944. Ọ̀kan nínú wọn ni Ann Baumgartner wà lóṣù Kẹwàá ọdún náà, tó fi di obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó wa jẹ́ẹ̀tì. Èyí tí Stanley gbé fò ní Muroc ṣì wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington. Imú rẹ̀ wà ní gbangba, kò sí abẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.