Irin tó ti dípẹtà, ta ni yóò bá Ògún nù ún?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ti ojúbọ kankan wá. Inú wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló ti wá, ní ìlú Freetown, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, níbi tí àwọn èèyàn kan ti yọ̀ǹda ara wọn láti máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe, irú èyí tí ń jẹ èédú, tí ń mu omi, tí ń tú èéfín bí ilé ìdáná ọjọ́ ọdún. Àwa ará Ìgbẹ̀ìn àti Ẹ̀gbá lápapọ̀ bá ibẹ̀ tan ju bí ẹlòmíràn ti lè rò lọ.

Cline Town ni wọ́n ń pe àdúgbò tí wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà wà. Emmanuel Cline, ọmọ Haúsá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àdúgbò yẹn kan náà ni ilé Fourah Bay College àtijọ́ dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ahoro. Ọdún 1827 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kó lọ sórí òkè, rélùwéè ló gba ilé náà ṣe ọ́fíìsì.

Láti Freetown yìí ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1839, tí wọ́n gba Àgbádárìgì wọ Abẹ́òkúta nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣì wà láyé. Ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń sọ pé wọ́n kó bọ̀, òótọ́ sì ni. Ẹ wo Abẹ́òkúta Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Ìgbẹ̀ìn níbí lọ́dún 1908. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò padà wálé náà kò da gbogbo nǹkan ilé nù. Ẹgbẹ́ ọdẹ ṣì wà ní Freetown, Ògún sì ni wọ́n mọ̀ ní olórí iṣẹ́ ọdẹ. Egúngún wọn wà pẹ̀lú, Ojeh ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ Ọ̀jẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé àwọn kan ń nu irin ní Cline Town, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé ilẹ̀ àjèjì ni.

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwa láti Èkó, èyí tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, tó sì ti ń kó èrò dé Ìbàdàn ní 1901. Tiwọn tín-ín-rín: ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ péré ló wà láàárín irin kan sí èkejì, nígbà tí tiwa jẹ́ mẹ́ta àbọ̀. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba ti pa rélùwéè náà tì, wọ́n sì hú irin rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́ kù wà nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé báwo ni. Ogun abẹ́lé dé lọ́dún 1991, kò sì parí títí di 2002. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá sùn sáàárín àwọn irin náà, wọ́n dáná, wọ́n bímọ síbẹ̀.

Lọ́dún 2004, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílùú náà, Steve Davies, rí ohun tó wà nínú ilé yẹn. Òun àti àwọn ará ìlú, títí kan àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀, wọ́n ń fọ irin. Nígbà tó di 2005, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè Sierra Leone. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Garratt, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Beyer, Peacock ní Manchester. Kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kàn nítorí ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth lọ́dún 1961 náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò tíì nu irin tó dípẹtà rí lè rò pé ọ̀dà ni wọ́n kàn ń kùn. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Wọn á kọ́kọ́ fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà kúrò títí ojú irin gan-an á fi hàn, wọn á fọ gíríìsì tó ti gan di òkúta, wọn á tú nọ́ọ̀tì tí kò ṣe é tú. Bí o bá kun ọ̀dà sórí ìpẹtà, abẹ́ ọ̀dà ni yóò ti máa jẹ irin lọ. Lójú, ó dára, nínú, ó ti tán. Gbogbo jórinjórin tó wà ní Abẹ́òkúta ló mọ èyí.

Ohun tí ń ba àgbà lẹ́rù jù ni bọ́ílà. Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣiṣẹ́. Iná èédú á gba inú àwọn páìpù tó la àárín omi kọjá, omi á hó, ooru rẹ̀ á wá ọ̀nà àbájáde. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un ni sílíńdà. Ibẹ̀ ni yóò ti ti písítínì, písítínì á ti ọ̀pá, ọ̀pá á yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ara bọ́ílà bá ti fẹ́lẹ́, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì daná sí i, ó lè bẹ́ kí ó sì pa gbogbo ẹni tó dúró tì í. Ìdí rèé tí títún ẹ́ńjìnnì ṣe fún wíwò àti títún un ṣe fún rírìn kì í fi í ṣe iṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe. Ẹ́ńjìnnì Sierra Leone kan, nọ́ńbà 85, tí ilé-iṣẹ́ Hunslet rọ ní Leeds lọ́dún 1954, dé ilẹ̀ Wales ní 1975 pẹ̀lú kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Àwọn tí kò gba owó oṣù kankan ló ṣètọ́jú rẹ̀ lórí ojú irin Welshpool àti Llanfair, ó sì fa èrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin awo, mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: kí ló kan Ifá nínú èyí? Ẹ rántí Ògúndá Méjì, odù tí ọ̀rọ̀ Ògún kì í yẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìtàn tí àwọn bàbá wa ń sọ, pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà, àdá òjé Òrìṣàńlá kò ràn án, àdá irin Ògún ló lànà. Àwa kan náà là ń fi irin búra ní kóòtù tí ẹlòmíràn ń fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Ẹni tó gbà pé irin gbọ́ ìbúra òun, báwo ni yóò ṣe wá wo irin tó ṣiṣẹ́ ọgọ́ta ọdún bí ìdọ̀tí?

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé irin òyìnbó nìyẹn, pé ẹrù wa ló kó lọ. Kò purọ́. Ẹ̀gbá kò tilẹ̀ fi ojú rere wo ó nígbà gbogbo: nígbà ogun Àdùbí lọ́dún 1918, tí owó orí di wàhálà, ojú irin wà lára ohun tí àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ hú, wọ́n sì mú kí ọkọ̀ kan yà kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ta ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀? Ta ló ń da èédú Enugu sínú iná nínú oòrùn ọ̀sán? Àwọn bàbá wa ni. Òógùn wọn wà lára irin yẹn, ní tèmi, ìyẹn sì tó ètùtù.

Ní tiwa níbí, ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995, ti bá iléeṣẹ́ rélùwéè tún Jaekel House ṣe ní Ẹbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni, irin àlòkù sì pọ̀. Láti 2021 tí ọkọ̀ tuntun ti ń dúró ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, Láfẹ́nwá kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn tí ń kiri ra irin kọ́ńdẹ́mù kò sì sùn.

Ajá ń bẹ, ẹmu ń bẹ, ẹ̀sun iṣu ń bẹ, màrìwò kò wọ́n. Mi ò sọ pé kí ẹ dín ọ̀kankan kù. Nígbà ọdún Ògún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, alágbẹ̀dẹ, awakọ̀, mẹkáníìkì àti jórinjórin, mú wáyà búrọ́ọ̀ṣì àti òróró dání, kí wọ́n yan irin àtijọ́ kan ní àdúgbò wọn, kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n nù ún. Ẹni tó bá sì ní bàbá tó ṣe fítà tàbí awakọ̀ rélùwéè nílé, kó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bí wọ́n ṣe ń mọ bọ́ílà tó ti fẹ́lẹ́ nípa fífi òòlù kàn án, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, orí àwọn bàbá yẹn ló wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.